Ẹ̀gẹ́ tí a fi afẹ́fẹ́ kọ́: ìdáhùn sí lẹ́tà yín lórí ewé àti oòrùn

Ní oṣù tó kọjá, a mẹ́nu bà á nínú abala yìí, láìdúró lórí rẹ̀, pé ewé ni ilé ìdáná gbogbo ohun ọ̀gbìn. Gbólóhùn kan péré ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ó tẹ̀lé e pọ̀ ju ti àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi odindi ojú ìwé sọ lọ. A mú mẹ́fà nínú wọn. Èkínní ni a fi àyè tí ó pọ̀ jù lọ fún, nítorí pé bí a bá dáhùn rẹ̀ dáadáa, a ti dáhùn ìdajì àwọn yòókù.

ÌBÉÈRÈ: Àgbẹ̀ ni mí ní agbègbè Ìṣẹ́yìn. Ẹ̀gẹ́ tí mo gbìn sábẹ́ igi máńgòrò ńlá kan ní etí oko mi kì í ta, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ilẹ̀ ti dúdú jù, tí ewé tí ó ń jẹrà sì pọ̀ jù. Mo ti fi ajílẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan ní gbòǹgbò máńgòrò ni ó ń jẹ oúnjẹ ẹ̀gẹ́ náà. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ sọ pé ewúrẹ́ tí ń já ewé rẹ̀ jẹ ni. Kí ni mo ṣe tí kò dára?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ oko o, Bàbá. Ẹ kò ṣe ohun tí kò dára, àwọn tí ó dá yín lóhùn kò sì purọ́ pátápátá, nítorí pé gbòǹgbò máńgòrò a máa bá ti ẹ̀gẹ́ du omi àti èròjà inú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ́, òkè ni. Ẹ̀gẹ́ yín kò rí oòrùn tó, oòrùn ni ewé sì fi ń se ohun tí ó yẹ kí ó ta nísàlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé ilẹ̀ ni igi ń jẹ, àti pé gbòǹgbò ni ẹnu rẹ̀. Èdè wa pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bẹ́ẹ̀: a ní ilẹ̀ yìí lọ́ràá, a ní ilẹ̀ tọ̀hún ti ṣá, bí ẹni pé ọbẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí ohun ọ̀gbìn ń lá tán díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe àwa nìkan. Èrò kan náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́ ní, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Jan Baptist van Helmont, tí ó gbé ní agbègbè Brussels, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bẹ́ljíọ̀m lónìí, fi gbé ọ̀rọ̀ náà sórí òṣùwọ̀n. Ó yan ilẹ̀ títí ó fi gbẹ, ó wọn 200 pọ́ùn rẹ̀ sínú ìkòkò ńlá, ó sì gbin ọ̀dọ́ igi willow tí ó wúwo tó pọ́ùn 5 sínú rẹ̀. Ọdún 5 gbáko ni ó fi ń bomi rin ín, tí kò fi ohun mìíràn sí i. Nígbà tí ó hú u, igi náà ti di pọ́ùn 169 àti áúnsì 3. Ó tún mú kí ilẹ̀ náà gbẹ, ó wọ̀n ọ́n, nǹkan bí áúnsì 2 péré, èyí tí ọwọ́ kan lè bù, ni ó dín.

Èsì yìí jáde nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1648, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohun tí ó gbà pé ó fà á ni pé omi nìkan ni igi fi kọ́ ara rẹ̀. Apá kan òótọ́ ni ó rí mú. Èyí tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín tí ó sì ń dùn mí pọ̀ ni pé òun kan náà ni ó dá orúkọ tí a sọ di gáàsì lónìí sílẹ̀, òun ni ó sì ṣàkíyèsí gáàsì tí ń jáde lára èédú tí ń jó. Ohun tí igi rẹ̀ ń jẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò kàn mọ̀ pé òun ni.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Bí a bá fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ìsàlẹ̀ ewé, a ó rí ihò wínníwínní tí ó lè tó ọgọ́rùn-ún lórí ibi tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ihò kọ̀ọ̀kan ní ètè méjì tí ó lè là, tí ó sì lè pa dé. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, nínú afẹ́fẹ́ náà ni carbon dioxide sì wà, ìyẹn gáàsì tí àwa ń mí síta, tí ohunkóhun tí ó bá ń jó náà sì ń tú jáde. Kò pọ̀ rárá: bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà 10,000, nǹkan bí ọ̀nà 4 péré ni tirẹ̀. Omi ní tirẹ̀ ń gba inú iṣan gòkè bọ̀ láti gbòǹgbò. Nínú sẹ́ẹ̀lì ewé, àwọn àpò kéékèèké wà tí ó kún fún èròjà aláwọ̀ ewé tí a ń pè ní kílóròfíìlì. Bí oòrùn bá ta sí èròjà yìí lára, agbára tí ó gbà ni ewé fi ń fọ́ omi: ọ́síjìn inú omi náà yóò jáde lọ sínú afẹ́fẹ́, haidirójìn rẹ̀ yóò sì ṣẹ́kù, pẹ̀lú agbára tí a ti dì mọ́ ọn. Haidirójìn àti agbára yìí ni ewé ń lò láti so carbon tí ó wà nínú carbon dioxide pọ̀ mọ́ra títí yóò fi di ṣúgà. Kí ẹyọ ṣúgà kan tó wáyé, ẹyọ carbon dioxide 6 àti ẹyọ omi 6 ni yóò wọ inú iṣẹ́ náà, ẹyọ ọ́síjìn 6 ni yóò sì jáde. Gbogbo ètò yìí ni a ń pè ní fọ́tòsíńtẹ́sìsì, orúkọ tí a fa yọ láti inú èdè Gíríìkì, tí ó túmọ̀ sí fífi ìmọ́lẹ̀ to nǹkan pọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ara carbon dioxide ni ewé ti ń yọ ọ́síjìn tí à ń mí símú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1941, Samuel Ruben, Martin Kamen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kalifóníà fún ewéko inú omi kan ní omi tí ọ́síjìn rẹ̀ wúwo ju èyí tí a mọ̀ lọ, kí wọ́n lè dá a mọ̀ níbikíbi tí ó bá ti yọ. Ọ́síjìn tí ó wúwo náà ni ó jáde sínú afẹ́fẹ́. Omi ni èémí wa ti wá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó sún mọ́ yín jù, Bàbá, wà nídìí ààrò. Ìdì igi ìdáná tí ènìyàn rù tí ọrùn fi ń ro ó, bí ó bá jó tán, eérú tí ó kù kì í ju èyí tí a lè fi igbá kan kó. Eérú yẹn ni apá tí ó ti inú ilẹ̀ wá, irú rẹ̀ sì ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ìyókù ti padà sí ibi tí ó ti wá: carbon àti omi ti padà sínú afẹ́fẹ́, iná tí ó sì yọ́ wa lára jẹ́ oòrùn tí igi náà ti ń kó pamọ́ láti ìgbà tí ó ti ń hù. Bí a bá gbé 100 kílò ohun ọ̀gbìn tí ó ti gbẹ dáadáa, nǹkan bíi 45 nínú rẹ̀ jẹ́ carbon, nǹkan bíi 45 mìíràn jẹ́ ọ́síjìn, nǹkan bíi 6 jẹ́ haidirójìn. Ohun tí ilẹ̀ dá sí i kò ju ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù lọ. A kò wí pé kí ẹ gbàgbé ajílẹ̀ o, nítorí pé láìsí náítírójìn àti magnesium, ewé kò lè ṣe kílóròfíìlì rárá. Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ àti irú ti rí sí ọbẹ̀ ni ajílẹ̀ rí sí ẹ̀gẹ́, kò sì sí ẹni tí ń fi iyọ̀ yó.

Ṣúgà tí ewé ẹ̀gẹ́ bá ṣe ní ọ̀sán, ó ń lo díẹ̀, ó sì ń fi díẹ̀ pamọ́ sínú ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí sítáàṣì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, yóò tún sọ sítáàṣì náà di ṣúgà, yóò máa fi í ránṣẹ́ gba inú igi lọ sí gbòǹgbò, níbi tí yóò ti tún padà di sítáàṣì. Ìyẹn ni a ń rí tí a fi ń sọ pé ẹ̀gẹ́ ta. Gààrí tí a da omi tútù sí lọ́sàn-án gangan, afẹ́fẹ́ àti omi ni, tí oòrùn dì pọ̀.

Ẹ wá wo abẹ́ máńgòrò náà. Ewé òkè ti gba èyí tí ó wúlò jù nínú ìmọ́lẹ̀ kí ó tó dé ilẹ̀. Àṣẹ́kù ni ẹ̀gẹ́ rí gbà. Ìwọ̀nba ṣúgà tí ó bá lè fi í ṣe, gígùn ni yóò kọ́kọ́ ná an sí, kí orí rẹ̀ lè yọ síta níbi tí oòrùn wà, ìdí sì nìyí tí ẹ̀gẹ́ abẹ́ igi fi máa ń ga tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í ní nǹkan nísàlẹ̀. Ajílẹ̀ tí ẹ fi kún un lè mú kí ewé rẹ̀ pọ̀ sí i láìmú kí ó ta. Àwọn àgbà ti mọ èyí nínú iṣẹ́ iṣu. Wọn kì í fi ìtàkùn iṣu sílẹ̀ kí ó máa wọ́ nílẹ̀. Igi ni wọ́n ń rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè kí ó lè gùn ún, kí ewé má baà bo ewé mọ́lẹ̀. Nígbà tí ewé iṣu bá sì gbẹ, wọ́n mọ̀ pé ohun tí ó wà lókè ti sọ̀ kalẹ̀ tán.

Ní ti ewúrẹ́, ìyàwó yín jàre. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n já ewé rẹ̀ kò ní ibi tí yóò ti se oúnjẹ, kí ó sì tó hu ewé mìíràn, ohun tí ó ti kó sí gbòǹgbò ni yóò tún yọ ná. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé tí àrùn mòsáíìkì bá mú tí ó ní àbàwọ́n pupa rúsúrúsú: ibi tí àwọ̀ ewé ti kúrò, ààrò ibẹ̀ ti kú. Ìmọ̀ràn wa ni kí ẹ so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ máńgòrò náà bí ẹ bá fẹ́, tàbí kí ẹ fi abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún kókò àti ata ilẹ̀, tí ó lè fara da ibòji, kí ẹ sì gbé ẹ̀gẹ́ bọ́ síta gbangba.

ÌBÉÈRÈ: Mo wà ní kíláàsì SS2 ní Òṣogbo. Olùkọ́ wa sọ pé láìsí àwọ̀ ewé, ohun ọ̀gbìn kò lè ṣe oúnjẹ. Kí ni kí a wá sọ nípa tẹ̀tẹ̀ pupa tí ìyá mi ń tà?

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ rẹ tọ̀nà, ìwọ náà sì fi ojú ríran. Àwọ̀ ewé wà nínú tẹ̀tẹ̀ pupa. Aró pupa ni ó bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ tí ìyá rẹ bá fẹ́ bọ díẹ̀ lára rẹ̀, dúró tì wọ́n nídìí ìkòkò. Omi yóò pọ́n, ewé tí wọ́n bá sì fi síbi yọ jáde yóò ti sún mọ́ àwọ̀ tẹ̀tẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, nítorí pé aró pupa náà a máa yòrò sínú omi, kílóròfíìlì kì í sì í yòrò nínú omi.

Bí o bá fẹ́ mọ ìdí tí ewé fi ní àwọ̀ tí ó ní, rántí pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó dà bíi funfun lójú wa jẹ́ àpapọ̀ gbogbo àwọ̀ tí à ń rí nínú òṣùmàrè. Kílóròfíìlì ń gba pupa àti búlúù mọ́ra gan-an, ó sì ń dá púpọ̀ nínú èyí tí ó wà láàárín padà, èyí tí ó dá padà náà ni ó ń dé ojú wa. Nítorí náà, àwọ̀ tí a fi ewé sọ lórúkọ ni àwọ̀ tí ewé fẹ́ lò kéré jù. Ní ọdún 1882, Theodor Engelmann, ará Jámánì, fi díńgí olórígun mẹ́ta pín ìmọ́lẹ̀ sí oríṣiríṣi àwọ̀ lórí fọ́nrán ewéko omi kan, ó sì kó bakitéríà tí ó fẹ́ràn ọ́síjìn sínú omi náà. Bakitéríà wọ̀nyẹn kò tàn káàkiri. Ibi tí pupa àti búlúù bọ́ sí ni wọ́n rọ́ lọ, bí èèrà tí ó gbọ́ òórùn ṣúgà, nítorí ibẹ̀ ni ewéko náà ti ń tú ọ́síjìn jáde.

Ìdánwò kan wà tí ẹ lè ṣe ní ilé ẹ̀kọ́, lójú olùkọ́ yín, torí pé sípírìtì tí a ń lò níbẹ̀ a máa gbiná. Ẹ wá ewé òdòdó tí ó ní apá funfun àti apá tí ó ní àwọ̀ ewé, tí ó sì ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀. Ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi, kí ẹ wá fi í sínú sípírìtì tí a gbé sínú omi gbígbóná kí àwọ̀ rẹ̀ lè jáde, kí ẹ sì kán ayodíìnì sí i. Ibi tí ó ní àwọ̀ ewé tẹ́lẹ̀ yóò dúdú bí aró, nítorí sítáàṣì wà níbẹ̀. Ibi funfun kò ní dúdú. Ayodíìnì kan náà yóò sọ iṣu, gààrí àti ẹ̀kọ di dúdú, bí ìyá rẹ bá gbà kí o fi oúnjẹ ṣòfò.

ÌBÉÈRÈ: Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé ènìyàn kì í sun abẹ́ igi lálẹ́, pé igi a máa fa èémí ènìyàn. Ọmọ mi wá gbé ìkòkò òdòdó mẹ́ta sínú yàrá mi ní Abẹ́òkúta. Ṣé kí n kó wọn jáde?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀. Ohun tí ẹ gbọ́ ní ìdí, ṣùgbọ́n ìdí náà kéré ju ẹ̀rù tí a kó lé e lórí lọ.

Ní ọdún 1771, Joseph Priestley, àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé bí àbẹ́là bá jó nínú ìgò tí a dé pa títí tí ó fi kú, afẹ́fẹ́ inú ìgò náà kò ní jẹ́ kí òmíràn jó mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹ̀ka ewéko kékeré kan sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, àbẹ́là tún lè jó níbẹ̀. Àwọn mìíràn gbìyànjú irú rẹ̀, nígbà mìíràn kò ṣeé ṣe, kò sì yé ẹnikẹ́ni. Jan Ingenhousz, oníṣègùn ará Họ́láǹdì, ni ó tú u palẹ̀ ní ọdún 1779: ìmọ́lẹ̀ oòrùn gbọ́dọ̀ wà, apá tí ó ní àwọ̀ ewé nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, ewéko ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹranko ṣe ń bà á jẹ́. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó bá ọ̀rọ̀ yín mu. Ewéko ń mí tọ̀sán-tòru bí àwa náà ṣe ń mí. Ní ọ̀sán, iṣẹ́ oúnjẹ ṣíṣe pọ̀ ju mímí lọ, nítorí náà ọ́síjìn ni ó ń jáde ní àjẹṣẹ́kù.

Elo wá ni ó ń fà lálẹ́? Àgbàlagbà tí ó dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ ń lo nǹkan bíi 250 mìlílítà ọ́síjìn ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ìkòkò òdòdó mẹ́ta kò sún mọ́ ọn rárá. Bí òdòdó bá lè gba èémí mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, ọkọ àti ọmọ tí ẹ bá sun yàrá kan ì bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n kí n má baà tan yín, àwọn tí ń polówó òdòdó pé ó ń fi ọ́síjìn kún inú ilé náà ń sọ àsọdùn, nítorí ohun tí ewé mélòó kan ń tú jáde kò lè mú ìyàtọ̀ wá nínú yàrá tí ó ní fèrèsé. Ní ti abẹ́ igi lóru, ejò àti ẹ̀ka gbígbẹ ni kí ẹ sá fún. Nínú yàrá, èédú tí ń jó àti èéfín jẹnẹrétọ̀ ni ó ń pa ènìyàn.

ÌBÉÈRÈ: Àfòmọ́ ti bo igi ọsàn mi. Ṣé oúnjẹ ọsàn náà ni ó ń jẹ, àbí ó ń se tirẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ó ń se tirẹ̀, ṣùgbọ́n omi àti iyọ̀ onílé ni ó fi ń se é. Ẹ wo ewé àfòmọ́, ó dúdú dáadáa, èyí fi hàn pé kílóròfíìlì wà níbẹ̀ àti pé ó ń fi oòrùn ṣe ṣúgà fúnra rẹ̀. Kò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀, nítorí náà ó ti ẹnu bọ inú ẹ̀ka ọsàn, ó ń fa omi àti èròjà ilẹ̀ níbẹ̀, ó sì tún bo oòrùn mọ́ ewé ọsàn lójú. Ẹ gé ẹ̀ka náà nísàlẹ̀ ibi tí ó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá fa àfòmọ́ nìkan tu, yóò tún hù. Olú ni kò ní kílóròfíìlì rárá, tí ó jẹ́ pé ohun tí ẹlòmíràn ti sè ló ń jẹ.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí ní Ṣàkí, mo sì ń dáko díẹ̀. Ní ọ̀sán tí oòrùn bá mú, ewé ẹ̀wà mi a ṣe bí ẹni tí ó rẹ̀, àgbàdo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a sì dúró ṣinṣin. Bí oòrùn bá jẹ́ iná ìdáná, ṣé iná lè pọ̀ jù ni?

ÌDÁHÙN: Ó lè pọ̀ jù, pàápàá bí ooru àti òùngbẹ bá bá a rìn. Bí oòrùn bá mú, ewé a máa pa ihò rẹ̀ dé kí omi má baà tán lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ihò kan náà ni carbon dioxide ń gbà wọlé, nítorí náà ewé tí ó ń sá fún òùngbẹ ti fi ebi ṣe ara rẹ̀. Ẹ tún wo ewé ẹ̀wà yín dáadáa kí ẹ tó sọ pé ó rọ: nígbà mìíràn, ńṣe ni ó yí ẹ̀gbẹ́ sí oòrùn kí ìtànṣán má baà bà lé ojú rẹ̀ gan-an, bí ẹni tí ó ń fi ọwọ́ síjú.

Ọ̀rọ̀ kejì jinlẹ̀ ju èyí lọ. Èròjà kan wà nínú ewé tí a ń pè ní rubisco, òun ni ó ń mú carbon dioxide kí a tó fi ṣe ṣúgà. Ó lọ́ra, ojú rẹ̀ kò sì dá ṣáká. Nígbà tí ooru bá mú, tí carbon dioxide sì ti dín nínú ewé, a máa fi ọ́síjìn pe carbon dioxide, ewé yóò sì tún ná lára ohun tí ó ti ṣe láti fi tún àṣìṣe náà ṣe. Ẹ̀wà, ẹ̀gẹ́, iṣu, ìrẹsì àti kòkó ni ìyà yìí ń jẹ. Àgbàdo, ọkà bàbà, ìrèké àti tẹ̀tẹ̀ ti wá ọgbọ́n sí i. Sẹ́ẹ̀lì tí ó wà lóde ewé wọn ń kọ́kọ́ mú carbon pẹ̀lú èròjà mìíràn tí kì í ṣi ọ́síjìn mú, wọ́n á gbé e wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó yí iṣan ká, wọ́n á sì tú u síbẹ̀ títí yóò fi pọ̀ débi pé rubisco kò ní rí ohun mìíràn mú. Hal Hatch àti Roger Slack ni ó ṣàlàyé ọgbọ́n yìí ní ọdún 1966 ní Ọsirélíà, ìrèké ni wọ́n sì fi ṣe é. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní tirẹ̀ yan òru: alẹ́ ni ó ń la ihò rẹ̀, tí ó ń kó carbon dioxide pamọ́, tí yóò sì pa ihò dé lójú mọmọ nígbà tí oòrùn bá dé tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀.

Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ẹ ó fẹ́ mọ bí a ṣe mọ ọ̀nà tí carbon ń tọ̀ nínú ewé. Melvin Calvin, Andrew Benson, James Bassham àti àwọn mìíràn ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, ni ó fún ewéko inú omi ní carbon-14, ìyẹn carbon tí ń tú ìtànṣán jáde, tí wọ́n fi lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ìṣẹ́jú àáyá dé ìṣẹ́jú àáyá. Calvin nìkan ni ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 1961, èyí tí kò dára tó lójú tèmi, torí pé ọwọ́ Benson wà nínú iṣẹ́ náà gidigidi. Iṣẹ́ ìwádìí kan tí Yunifásítì Illinois ń darí sì wà lónìí tí ó ń gbìyànjú láti mú kí ẹ̀wà, ẹ̀gẹ́ àti sóyà túbọ̀ mọ oòrùn lò. Àyè pọ̀ níbẹ̀, nítorí nínú gbogbo agbára tí oòrùn ń dà sórí oko, nǹkan bí ìdá kan tàbí méjì nínú 100 ni ohun ọ̀gbìn sábà máa ń rí dì mú.

ÌBÉÈRÈ: London ni mò ń gbé. Ewúro tí mo gbìn sínú ìkòkò lórí tábìlì yàrá ìjókòó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ kò sì dúdú bí ti ilé. Mo ń bomi rin ín lójoojúmọ́, mo sì ń fi ajílẹ̀ inú ìgò sí i. Oṣù Kejìlá ni mò ń kọ lẹ́tà yìí.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú òtútù o. Àìsàn kan náà ni ó ń ṣe ewúro yín àti ẹ̀gẹ́ Bàbá Ìṣẹ́yìn. Òtútù àti ògiri ni ó di máńgòrò tiyín. Ní ìparí oṣù Kejìlá, ojúmọ́ kò tó wákàtí 8 ní London, nígbà tí ó ju wákàtí 11 àtààbọ̀ lọ ní Èkó, oòrùn tí ẹ sì ń rí kì í gòkè dé orí. Ẹ̀gbẹ́ ojú sánmà ni ó ń gbà kọjá. Èyí tí ó wá dé orí tábìlì láàárín yàrá jẹ́ díẹ̀ kíún nínú ohun tí ó wà lóde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wa kì í mọ̀ ọ́n, nítorí ojú tètè máa ń mọ́ra. Ewúro ń nà torí pé ó ń wá ibi tí oòrùn wà.

Ẹ gbé e lọ sójú fèrèsé tí ó kọjú sí gúúsù, nítorí ìhà ibẹ̀ ni oòrùn ń gbà lọ́dọ̀ yín. Ẹ máa yí ìkòkò náà padà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí ó má baà tẹ̀ sápá kan. Bí kò bá sí irú fèrèsé bẹ́ẹ̀, àwọn iná tí wọ́n ń tà fún ohun ọ̀gbìn, tí ó ní pupa àti búlúù dáadáa, lè dípò oòrùn fún wákàtí mélòó kan lóòjọ́. Ẹ dá ajílẹ̀ dúró títí di oṣù Kẹta, ẹ má sì bomi rin ín àfi bí orí ilẹ̀ inú ìkòkò bá gbẹ, nítorí ewé tí kò rí oòrùn kì í mu omi púpọ̀, omi tí ó bá dúró sí ìdí rẹ̀ yóò sì jẹ́ kí gbòǹgbò rà. Ní oṣù Kẹfà, nígbà tí ojúmọ́ yín bá ti ju wákàtí 16 lọ, ẹ gbé e síta pátápátá. Ní báyìí, ẹ gé orí rẹ̀ kí ó lè yọ ẹ̀ka. Èyí tí ó ti nà kò ní sún kì mọ́. Àwọn ewé tuntun ni kí ẹ máa wò bí wọ́n bá ń dúdú sí i.